Èjìká Ọ̀tún

Àwòrán kan ṣoṣo ni mo gbé sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kẹ́hìndé ló yà á. Mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ẹrẹ̀ bò mí láti bàtà dé àgbọ̀n, mo ń sáré gun òkè. Kó tó di aago mẹ́wàá, àwọn tá a jọ jáde ní ilé-ìwé girama ti pè mí bí ẹni márùn-ún. Ọ̀kan ní ṣé kò sí wàhálà. Ọ̀kan ní ṣé kẹ̀kẹ́ náà ló bà jẹ́ lọ́nà. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni ẹni tó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ohun tó o bá lọ sí Ìlú Ọba nìyẹn?" Mo fẹ́ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ mo ní iṣẹ́ òru, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí, kí gbogbo yín lè kà á pọ̀.

Eré-ìje kẹ̀kẹ́ ni. Cyclocross lorúkọ rẹ̀, àwa tá à ń ṣe é a máa pè é ní "cross" lásán. Láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kìíní ni wọ́n ń ṣe é níhìn-ín, nígbà tí ewé ń wọ́, tí òjò ń rọ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lójú títì ti gbé tiwọn pamọ́. Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan á gba ọgbà ìgbafẹ́ tàbí pápá ilé-ìwé, wọ́n á ri òpó kéékèèké mọ́lẹ̀, wọ́n á fa téèpù láti òpó dé òpó, ojú ọ̀nà á wá máa lọ́ lórí koríko, láàrin igi, wọ inú iyanrìn, gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tún sọ̀ kalẹ̀. Ìyípo kan lè tó kìlómítà 2.5 sí 3.5. Wọn kì í sọ iye ìyípo fún ọ kó o tó gbéra. Àkókò ni wọ́n ń sọ: ìṣẹ́jú 40 ni tèmi àti ti ẹgbẹ́ mi. Wọ́n á wo bí ẹni tó ṣíwájú ṣe yára tó ní ìyípo àkọ́kọ́, wọ́n á fi ṣírò iye tó kù. Tó bá ku ẹyọ kan, wọ́n á lu agogo, gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà á sì mọ̀ pé ó ti dópin.

Kẹ̀kẹ́ náà jọ ti ojú títì, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò, àmọ́ táyà rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní eyín. Nínú ìdíje àgbáyé, táyà ò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sẹ́ni tó ń fi irin ìwọ̀n wò ó, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ orí òkè nìkan náà lè gùn ún wá. Òfin àgbáyé tún sọ pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó ṣeé gùn. Ìdá tó kù ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ibẹ̀ ni pákó wà, pákó méjì tí wọ́n gbé dábùú ojú ọ̀nà, wọ́n lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 40, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún mi. Ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn wà. Ibẹ̀ ni òkè tí ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí táyà rí ilẹ̀ dì mú wà. Ó di dandan kó o sọ̀ kalẹ̀, kó o gbé kẹ̀kẹ́ rẹ, kó o sì sáré.

Kẹ́hìndé ló mú mi dé ìdí ẹ̀. Táyé fẹ́ràn dùùrù, kò fẹ́ òtútù, mi ò sì fipá mú un. Àmọ́ nígbà tí Kẹ́hìndé wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó mú ìwé kékeré kan bọ̀ láti ilé-ìwé pé ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò ń kọ́ àwọn ọmọdé láràárọ̀ Sátidé. A lọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi dúró létí pápá, tí mò ń bá a di aṣọ òtútù rẹ̀ mú, tí mò ń gbé fúláàsì tíì, tí mò ń pariwo orúkọ rẹ̀ tó bá kọjá. Ẹni tó ń kọ́ wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún. Gbogbo wọn ló ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹnu mi ò gbà á. "Sà" ni mo ń pè é. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí là ń pe àgbàlagbà ọkùnrin nílé wa, mo ní "Bàbá" ni. Inú rẹ̀ dùn sí i débi pé ó ní òun gbà á. Látìgbà náà, Bàbá ló ń jẹ́ lẹ́nu mi, ó sì ti di Bàbá lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí mélòó kan báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn orí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ṣe wọ́n yánpọnyánrin.

Ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an ni Bàbá wò mí, tó ní, "Ìwọ náà ńkọ́?" Mo ní mo ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ti kọjá ogójì wà, ti àádọ́ta wà, ó sì mọ obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta tó ṣì ń sáré. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé kẹ̀kẹ́ onírin kan wá láti inú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí níbì kan, àmọ́ ṣéènì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gùn ún títí n óò fi ra tèmi. Ó ti pé ọdún méjì báyìí, òun náà ni mo ṣì ń gùn.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ni bàbá mi, ó sì ní oko kòkó tó jogún. Kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan ló ń gbé e lọ sí méjèèjì. Ẹ̀yin tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ Raleigh dáadáa: àmì orí ẹyẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀, irin ẹ̀yìn tí wọ́n ń di ẹrù sí, agogo rẹ̀. Nottingham, ní Ìlú Ọba níhìn-ín, ni ilé iṣẹ́ náà wà, 2002 ni wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé Nottingham, mo rí orúkọ ìlú náà lára pátákó ibùdókọ̀, mo kàn jókòó, mò ń wò ó. Orúkọ ìlú tí mo ti ń kà lára irin kẹ̀kẹ́ bàbá mi kí n tó mọ ìwé kà dáadáa ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ń jókòó lọ sóko. Odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí òkúta lèèyàn ń tẹ̀ kọjá. Tó bá ti di oṣù kẹfà, omi á kún, etí odò á wá di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bíi dòdò Ìkirè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Bàbá mi á sọ̀ kalẹ̀. Á ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, á so bàtà rẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Á ti apá ọ̀tún bọ abẹ́ irin, á sì gbé odidi Raleigh yẹn, èyí tó wúwo bí àpò gàrí, kọ́ èjìká ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ló fi ń di èmi mú. Tá a bá ti wọnú odò, á ní, "Má wo omi. Etí odò ọ̀hún ni kó o wò." A máa ń kọjá. Mi ò rí i kó ṣubú rí.

Nígbà tí Bàbá ẹgbẹ́ wa wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́, ó dúró lápá òsì kẹ̀kẹ́ náà, ó ti apá ọ̀tún gba abẹ́ irin ìsàlẹ̀, ó na ọwọ́ mú ìdí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti òsì, kí táyà iwájú má bàa yí gbá òun lójú. Ó gbé e kọ́. Ó ní kí n ṣe tèmi. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "O ti ṣe èyí rí." Mo ní rárá. Omi ti ń bọ́ lójú mi. Ó fún mi ní àyè, ó lọ ń tún òpó kan ṣe. Nígbà tó padà wá, mo sọ ọ̀rọ̀ odò náà fún un, àtìbẹ̀rẹ̀ dópin, nínú òtútù yẹn, ó sì gbọ́ ọ tán.

Gígùn kọ́ ló le jù nínú eré yìí. Sísọ̀ kalẹ̀ àti gígùn padà láì dúró ló le. Tó o bá ń sún mọ́ pákó, wàá yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, wàá yí i gba òkè ìjókòó lẹ́yìn wá sí apá òsì, wàá sì dúró lórí pẹ́dálì òsì nìkan nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń sáré. Bàtà wa ń há mọ́ pẹ́dálì, torí náà o ní láti yí gìgísẹ̀ kó tó já. Tó o bá yí i pẹ́ jù, ìwọ àti kẹ̀kẹ́ lẹ jọ máa ṣubú lé pákó lórí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á kanlẹ̀, òsì á tẹ̀ lé e, wàá máa sáré. Wàá mú irin òkè, wàá gbé e: pákó kìíní, ìgbésẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, pákó kejì. Wàá gbé kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, torí tó o bá sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ṣéènì á yọ. Wàá wá fò, wàá fi inú itan ọ̀tún bọ́ sórí ìjókòó, wàá yọ̀ bọ́ sí àyè rẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì wá pẹ́dálì fúnra wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, bí omi tó ń ṣàn ni, o ò ní mọ ibi tí gígùn parí sí tí sísáré ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù méjì ni mo fi kọ́ ọ. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, kí n tó sùn, mo máa ń gbé igi ìgbálẹ̀ méjì lé orí bíríkì lórí koríko ẹ̀yìn ilé, mo máa ń fò wọ́n lọ, fò wọ́n bọ̀. Itan mi wú. Bàbá àwọn ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kí n bá ẹ ra pákó gidi?" Ó rà á, ó sì gé e bó ṣe yẹ. Pákó yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, tí mo ní láti mọ̀ fúnra mi. Irun, bí àpẹẹrẹ. Akoto ò lè jókòó dáadáa lórí irun tí wọ́n kó jọ sókè orí, ṣùkú ò ṣeé dì fún ìdíje. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo ń dì láti oṣù kẹsàn-án, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, akoto á wọlé, okùn rẹ̀ á sì há bó ṣe yẹ. Aṣọ wọn náà ń lẹ̀ mọ́ni lára ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, torí náà ṣòkòtò dúdú gígùn ló máa ń wà nísàlẹ̀ tèmi, òtútù náà ò sì jẹ́ kí n kábàámọ̀ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì le díẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ ìdíje. Mo gbàdúrà sí i, mo bá ìyàwó pásítọ̀ wa sọ ọ́, mo sì pinnu pé ìdíje mẹ́fà péré ni n óò máa lọ lọ́dún, n óò sì lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó. Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́.

Táyà nìkan ni Bàbá lè fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé táyà tó le koko ló ń sáré. Òótọ́ ni lójú títì. Nínú pápá, táyà tó le á máa ta sókè lórí gbòǹgbò, á sì máa yọ̀ lórí koríko tútù. Èyí tó rọ̀ ló ń tẹ́ sílẹ̀, tó ń di ilẹ̀ mú. Nǹkan bíi 22 ni afẹ́fẹ́ tí mo ń fún tèmi lórí òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé 33 ni táyà mọ́tò wa ń gbà. Bàbá kì í lo òṣùwọ̀n rárá. Á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á mi orí, á tún tú díẹ̀ jáde.

Ẹnu rẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ ìtàn eré yìí, nígbà tá a jọ ń ká téèpù. Àwọn ará Faransé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Daniel Gousseau, ọmọ ogun wọn kan, ló ṣètò ìdíje orílẹ̀-èdè wọn àkọ́kọ́ lọ́dún 1902. Nígbà tí Octave Lapize gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ojú títì ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1910, ó ní gígùn kẹ̀kẹ́ nínú oko àti igbó nígbà òtútù ló fún òun lágbára. 1950 ni wọ́n ṣe ti àgbáyé àkọ́kọ́, ní Paris. Nígbà tó wá sọ fún mi pé ìdíje àgbáyé ti wáyé nílùú tiwa yìí rí, ní Leeds, ní Roundhay Park, lọ́dún 1992, mo dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró. Roundhay tí mo ń mú àwọn ọmọ lọ wo pẹ́pẹ́yẹ! Mike Kluge ará Jámánì ló gba ti àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ ṣe lọ́dún náà. Mo béèrè pé ta ló gba ti àwọn obìnrin. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní kò sí ti àwọn obìnrin. Ọdún 2000 ni wọ́n tó fún obìnrin ní ipò akọni àgbáyé nínú eré yìí. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ti ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Marianne Vos, ará Netherlands, ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹjọ láti ìgbà tí ọ̀nà ti là fún wọn. Ẹ wo ohun tí ì bá ti wà ká ní wọ́n là á ṣáájú.

Látìgbà náà, tí mo bá ń gbé kẹ̀kẹ́ gun Hill 60 ní Roundhay láàárọ̀, òkè ńlá tó dojú kọ pápá yẹn, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ibẹ̀ yẹ mí. Ọmọ Leeds náà ni Tom Pidcock, ẹni tó gba ti àgbáyé lọ́dún 2022 ní Fayetteville, Amẹ́ríkà, tó sùn lé ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó na apá síwájú bí ẹni ń fò nígbà tó ń kọjá ìlà. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri yàrá Kẹ́hìndé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Àìkú.

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwa obìnrin mẹ́rìndínlógójì la dúró lórí ìlà, àwọn tó ní máàkì jù níwájú, èmi ní ìlà kejì sí ẹ̀yìn. Èmi nìkan ni dúdú níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí. Mo kọ́kọ́ ń kà wọ́n lọ́dún àkọ́kọ́. Mi ò kà á mọ́. Wọ́n fun fèrè, gbogbo wa sì ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà sí ibi tí ọ̀nà ti fún, ìgúnpá ń kan ìgúnpá, ẹrẹ̀ ń ta láti táyà iwájú wọ ojú àti ẹnu. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju èémí ara mi lọ.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, tó dà sí apá òsì. Tó o bá tẹ bíréèkì níbẹ̀, o ti ṣubú nìyẹn. Ẹsẹ̀ ìta lo máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, wàá gbé ara rẹ sórí ẹ̀, wàá sì máa wo òpó tó wà ní òpin, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tó ń fà ọ́. Ìyípo àkọ́kọ́, mo wo ìsàlẹ̀, mo bá ara mi nínú téèpù. Ìkejì, mo wo òpó yẹn, mo kọjá, mo gbọ́ ohùn Kẹ́hìndé láti òkè: "Mọ́mì! Mọ́mì!"

Ní ìyípo kẹta ni ṣéènì mi há. Koríko àti ẹrẹ̀ ti dì mọ́ ìdí rẹ̀, táyà ẹ̀yìn ò yí mọ́. Ibi tí wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́ tuntun tàbí tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ ṣì jìnnà, bíi mítà 600. Àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ méjì, ìdajì ìyípo ni wọ́n ń pààrọ̀, ẹni tiwọn á ti fi omi fọ ìkejì sílẹ̀. Èmi ní ẹyọ kan. Mo gbé e kọ́ èjìká, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé ti ya fọ́tò tẹ́ ẹ rí, lórí òkè, nígbà tí gbogbo àwọn tí mo ti kọjá ń padà kọjá mi. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, Bàbá ti mú igi kékeré kan dání, bàbá àwọn ọmọ mi mú omi. Wọ́n fi igi ha ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n da omi sí i, wọ́n yí pẹ́dálì sẹ́yìn títí ó fi já. Wọn ò sọ̀rọ̀. Mo gùn ún padà.

Láìpẹ́, ẹni tó ṣíwájú ká mi mọ́, ìyẹn ni pé ó ti fi odidi ìyípo kan jù mí lọ. Mo yà fún un. Ó ní "o ṣeun, o ń gbìyànjú," ó sì lọ. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó lè jáde lẹ́nu ẹni tí àyà rẹ̀ ń jó ló lò, ó sì lò ó fún mi. Nínú ìdíje àgbáyé, ẹni tó bá ti kù sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó jáde lójú ọ̀nà. Ti àdúgbò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Títí agogo á fi dún, ààyè wà fún ọ, àwọn èèyàn tó wà létí téèpù á sì máa pariwo fún ọ ju bí wọ́n ṣe pariwo fún ẹni àkọ́kọ́ lọ. Tọkàntọkàn ni mo fi fẹ́ràn òfin yìí.

Mo fi ìyípo tó gbẹ̀yìn lé obìnrin kan tó dé akoto aláwọ̀ ewé bá. A ti jọ ń du ipò láti oṣù kẹsàn-án, mi ò tilẹ̀ mọ ibi tó ń gbé. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti bá a. Ó ń fi ọwọ́ fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà ń kan àtẹ̀gùn gbà, gbà, gbà. Tèmi wà léjìká. Mo kọjá lápá ọ̀tún. Ó lé mi dé ìlà, kò bá mi. Ipò kọkàndínlọ́gbọ̀n ni mo gbà. A dúró létí ọ̀nà, a di ara wa mú, a ò lè sọ̀rọ̀, ẹrẹ̀ tirẹ̀ sì wá kún tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi tó béèrè bóyá ohun tí mo bá wá nìyí: rárá o. Iṣẹ́ ni mo bá wá. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mò ń ṣe é, lóru, mò ń gbé àwọn tí kò lè gbé ara wọn dìde, mò ń yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara wọn má bàa bó, mò ń wẹ̀ wọ́n. Mo gbé ọmọ méjì. Mo gbé owó ilé-ìwé àwọn àbúrò. Mi ò ráhùn, gbogbo wọn ló tọ́. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò gbé e rù mí. Fún ìṣẹ́jú 40, ohun tó wà léjìká mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀, mo sì mọ ibi tí mò ń gbé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá pè mí láti Ìkirè. Àbúrò mi ti fi àwòrán náà hàn wọ́n. Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Wọn ò bi mí pé kí ni mò ń ṣe nínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní, "Èjìká wo lo fi gbé e?"

"Ọ̀tún ni, mà."

"Ṣé kì í dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀, mà."

"Ti bàbá rẹ náà máa ń dùn wọ́n. Òrí ni mo máa ń fi pa á fún wọn lálẹ́. Ṣé ẹ ní òrí nílé?"

Mo ní a ní. Wọ́n ní kí n má lọ pa á ní gbígbẹ o, kí n kọ́kọ́ yọ́ ọ. Mo lọ yọ́ ọ, mo fi pa á, mo sì sùn títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.